Ẹ̀rọ GPS àwọn sọ́fíyọ̀: bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀, àti ohun tó lè gbé ilé yín sórí ilẹ̀ onílẹ̀

Bí ẹ bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ṣe títì, tàbí níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí wọn. Ẹnì kan á di ọ̀pá gígùn mú, ohun funfun kan tó rí rìbìtì bí olú á wà lórí ọ̀pá náà, nǹkan bíi fóònù ńlá á sì so mọ́ àárín rẹ̀. Á rìn síwájú, á dúró, á wo ojú fóònù yẹn, á tún sún díẹ̀, kó tó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan pégì mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé fọ́tò ló ń yà.

Ẹ̀rọ GPS ni. Òun ni ọ̀pọ̀ sọ́fíyọ̀ àti ẹnjiníà fi ń mọ ibi tí igun ilé, ojú ọ̀nà, tàbí gọ́tà gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ò sì jìnnà sí ìjà nílẹ̀ wa, torí náà ó dára kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé mọ díẹ̀ nípa ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní láti di sọ́fíyọ̀ kẹ́ ẹ tó lè béèrè ìbéèrè tó nítumọ̀.

Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Rọ́ṣíà ní tiwọn tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé sì ń gbọ́ gbogbo wọn pọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe àpapọ̀ wọn ní GNSS, ṣùgbọ́n GPS ló wà lẹ́nu gbogbo wa, òun náà la ó máa lò níbí. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan dà bí ilé iṣẹ́ rédíò tiwa yìí: kò mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ, ó kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Kókó ohun tó ń sọ ò ju méjì lọ: ibi tí mo wà nìyí, ohun tí aago mi sọ nìyí. Ẹ̀rọ ilẹ̀ á wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pẹ́ tó lọ́nà, á fi mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó. Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bíi 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá wò ó: bí aago bá fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, 300 mítà ni àṣìṣe yẹn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi nílò sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, mẹ́ta láti mọ ibi tó wà, ìkẹrin láti fi tún aago tirẹ̀ ṣe.

Fóònù wa náà ń ṣe ìṣirò yìí. Níbi gbangba, tí igi tàbí ilé ò bò ó, ó lè ṣìnà tó mítà márùn-ún. Ìyẹn ò burú fún ẹni tó ń wá ilé àríyá. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju mítà 18 lọ. Ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi fóònù wá pílà ilẹ̀ yín, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ohun tí àwọn sọ́fíyọ̀ ń ṣe yàtọ̀. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní bésì, á dúró gbọn-in lórí ibi tí a ti mọ̀ dájú. Èkejì, rófà, òun ni wọ́n ń gbé kiri lórí ọ̀pá. Bésì mọ ibi tó wà, torí náà tí ohun tó ń gbọ́ látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì bá yàtọ̀ sí ohun tó mọ̀, á mọ bí àṣìṣe ọjọ́ náà ṣe tó, á sì máa sọ ọ́ fún rófà lórí rédíò tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe ń rí àṣìṣe tí ò ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ nìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ ju fífẹ̀ ìka ọwọ́ lọ. Àwọn kan ò tiẹ̀ gbé bésì wá rárá, wọ́n á fi síìmù àti dátà so mọ́ bésì tó ti wà nílẹ̀ títí láé. Ọ́fíìsì Surveyor-General ti ìjọba àpapọ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, NIGNET ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan wà ní Yunifásítì Èkó. Bí bésì bá ṣe jìnnà tó ni àṣìṣe ṣe ń pọ̀ sí i.

Gbígbé bésì kalẹ̀

Ibi tó yẹ kí bésì wà ni ibi tí ojú ọ̀run ti hàn kedere. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òrùlé páànù, kọ̀ǹténà, igi ńlá tàbí ilé gíga. Kì í ṣe pé wọ́n ń dí ohùn sátẹ́láìtì lọ́wọ́ nìkan, wọ́n tún ń dá a padà bíi gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ á gbọ́ èyí tó ti lu ògiri, á rò pé tààrà ló ti ọ̀run wá, á sì ka ọ̀nà náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n tún máa ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó má ka sátẹ́láìtì tó bá wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n dìgírì 10 sí 15 láti etí ọ̀run, torí èyí tó bá ti wọlẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ àti ilé ló pọ̀ lọ́nà rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sórí pílà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa, wọ́n á rí i pé àárín ẹ̀rọ wà lórí àárín pílà gan-an, tí ó sì tẹ́jú. Wọ́n á wá wọn gíga rẹ̀ láti pílà dé ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fàmì sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ náà á béèrè bóyá ìwọ̀n tó lọ tààrà sókè ni tàbí èyí tó dagun. Bí wọ́n bá dá a lóhùn òdì, gbogbo gíga tí wọ́n bá kó lọ́jọ́ náà á bàjẹ́ pọ̀.

Nísinsìnyí, ibi tó gba ìṣọ́ra jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní bọ́tìnnì kan tó ń jẹ́ kí bésì fúnra rẹ̀ sọ ibi tó rò pé òun wà. Ó yá, kò sí wàhálà wíwá pílà. Ní tèmi, bọ́tìnnì yẹn ló léwu jù lára ẹ̀rọ náà. Bésì tó bá lò ó lè fi mítà mélòó kan ṣìnà gẹ́gẹ́ bíi fóònù, rófà á sì gbà á gbọ́ pátápátá. Ilé yín á ṣe déédéé, igun rẹ̀ á gún régé, gbogbo ìwọ̀n á pé. Ó kàn jẹ́ pé ilé náà lódindi á ti sún wọ ilẹ̀ aládùúgbò, tàbí kó wọ ibi tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ohun tó máa hàn lójú ẹ̀rọ pé nǹkan bàjẹ́. Bí wọ́n bá tún tẹ bọ́tìnnì ọ̀hún lọ́jọ́ kejì, ibòmíràn ló máa sọ, pégì ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò sì ní bára wọn mu.

Èyí tó tún jọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ Minna. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè nílẹ̀ wa, Minna ni wọ́n gbé nọ́ńbà wọn lé, ìyẹn ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Niger tí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Sátẹ́láìtì ò mọ Minna. WGS84 ni GPS ń lò. Bí ẹnì kan bá mú nọ́ńbà Minna, tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ò yí padà kúrò ní WGS84, ibi tó máa tọ́ka sí lè ju 100 mítà lọ sí ibi tó yẹ. Pulọ́ọ̀tì mẹ́ta sí márùn-ún nìyẹn. Apá ìwọ̀-oòrùn níbí tún wà ní ohun tí wọ́n ń pè ní zone 31, kì í ṣe 32 tàbí 33 tí wọ́n ń lò lápá ìlà-oòrùn.

Ohun tó ń tú gbogbo èyí fó kò le rárá. Kí wọ́n tó kan pégì kan, kí wọ́n gbé rófà lọ sórí pílà mìíràn tó ní nọ́ńbà lórí ìwé, kí wọ́n kà á. Bí ohun tí ẹ̀rọ sọ bá bá ti ìwé mu pẹ̀lú ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ bí pílà náà ò bá jìnnà, mi ò sì rí àwáwí kankan tó tó láti fò ó.

Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni “Fix” tàbí “Fixed”. Tó bá jẹ́ “Float”, ẹ̀rọ ṣì ń méfò ni, ó lè fi ìdajì mítà ṣìnà. Kí wọ́n dúró. Ọ̀pá náà ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀pá mítà méjì tó bá fi dìgírì kan ṣoṣo tẹ̀, orí rẹ̀ ti sún ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ń tún èyí ṣe fúnra wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó wà lóde ò ní in.

Ìdí tí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ fi máa ń dà rú

Ohun kan wà tó jẹ́ tiwa lágbègbè yìí. Nàìjíríà sún mọ́ ìlà tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé ti dọ́gba, lẹ́yìn tí oòrùn bá sì wọ̀, ojú òfúrufú tó wà lókè lọ́hùn-ún máa ń hó bí omi gbígbóná níbẹ̀. Ohùn sátẹ́láìtì á máa gbọ̀n bó ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, Fix á di Float, á máa lọ, á máa bọ̀. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, àti lọ́dún tí ara oòrùn ò balẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe báyìí ní aago mẹ́jọ alẹ́, kó má dá ẹni tó tà á fún un lẹ́bi. Kó lọ sùn, kó padà wá láàárọ̀.

Gíga náà ní tirẹ̀. Gíga tí GPS ń sọ kì í ṣe gíga láti ojú òkun. Ní ìhà Èkó, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju 20 mítà lọ, ó sì ní fáìlì kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sínú ẹ̀rọ láti yanjú ẹ̀. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe gíga máa ń pọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Gọ́tà tó gùn ní 20 mítà, tó ń fi sẹ̀ǹtímítà kan sọ̀kalẹ̀ nínú mítà méjì, gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré. Fún irú iṣẹ́ yẹn, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi lè padà sẹ́nu ọ̀nà yín.

Ewu tó wà nínú gbígbé e kiri

Ọ̀pá dúdú fífúyẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò, káábọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, iná mànàmáná sì máa ń gba inú káábọ̀n kọjá. Ẹni tó gbé e lé èjìká lábẹ́ wáyà NEPA tó rọ̀ sílẹ̀, bí a ṣe mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa, ń fikú ṣeré. Kí wọ́n gbé e ní ìbúlẹ̀ sábẹ́ apá, kí wọ́n sì wòkè kí wọ́n tó nà án ró. Bí ààrá bá ti ń sán, kí wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀, kí wọ́n wọnú ilé tàbí mọ́tò. Kì í ṣe abẹ́ igi o.

Ojú ẹni tó di rófà mú máa ń wà lára fóònù yẹn ni, kì í wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni kòtò ìpìlẹ̀ ti ń gba èèyàn, ibẹ̀ náà ni katapílà tó ń yípo ti ń gbá èèyàn. Kí awakọ̀ katapílà rí i kó tó sún mọ́ ọn, kó wọ akoto àti aṣọ tó ń tàn. Lójú títì, kí ẹlòmíràn dúró tì í tó ń wo mọ́tò àti ọ̀kadà fún un.

Bátìrì ẹ̀rọ wọ̀nyí, lithium ni. Kí wọ́n má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n tì pa nínú oòrùn, èyí tó bá sì ti wú, kí wọ́n má ṣe fi ìdí rẹ̀ há ṣájà mọ́. Bí wọ́n bá ń lo rédíò ńlá tó ń gba iná lára bátìrì mọ́tò, èrìàlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ so kí wọ́n tó tan án, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó ti èrìàlì náà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má fi bésì sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kì í ṣe tìtorí olè nìkan. Bí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ bá ta ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀, iṣẹ́ tí rófà ń ṣe lápá kejì á ṣìnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tètè fura. Kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn aládùúgbò àti àwọn ọmọ onílẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Èèyàn tó gbé ọ̀pá dání lórí ilẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ti dá ìjà sílẹ̀ rí.

Ní ti ìwé, ẹni tó ní ẹ̀rọ kọ́ ni sọ́fíyọ̀. Sọ́fíyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé sọ́fè, ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní red copy sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà pílà tí wọ́n gbé bésì lé, àti ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ka pílà kejì.

Kí bíríkìlà tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, ẹ fi tépù wọn pégì igun sí igun, lọ́nà méjèèjì. Fún pulọ́ọ̀tì onígun gígún tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀ bàtà 134 àti ínṣì méjì lápá méjèèjì. Tépù ò lè sọ fún yín bóyá ibi tó yẹ ni pulọ́ọ̀tì náà wà, iṣẹ́ pílà nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju ínṣì kan yàtọ̀, ẹ pe sọ́fíyọ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an.