Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Ojú Omi Tí A Tún Ṣe Tí Kò Fẹ́ Jí

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà ni, ní èbúté Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kan ti kún fún àwọn ìyá tó ń padà sí Aguégués pẹ̀lú agbọ̀n wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ọkọ̀ ti fa okùn ẹ̀rọ títí òógùn fi bò ó. Ẹ̀rọ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ó gbà á lọ́dọ̀ atúnẹ̀rọṣe, gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi san iṣẹ́ náà. Oòrùn ń wọ̀, àwọn èrò ń kùn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí òkùnkùn bá òun lórí omi.

Ó ti fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà padà lọ bá atúnẹ̀rọṣe jà, kí bàbá arúgbó kan tó dá a dúró.

«Ọmọ mi, kí ni wọ́n tú nínú rẹ̀?»

«Bàbá, kábúrétọ̀ nìkan ni wọ́n tú, wọ́n sì fọ̀ ọ́.»

«Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí ni wọ́n kọ́kọ́ yọ?»

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè bàbá yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá jí lẹ́yìn àtúnṣe, ibi tí ọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ni a ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń béèrè: ẹ̀sáǹsì tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ níwọ̀n, ìfúnpọ̀ tó lágbára nínú rẹ̀, àti iná tó ṣẹ́ lákòókò tó yẹ. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò sọnù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò náni lówó. Ṣé okùn ààbò tó ń pa ẹ̀rọ wà ní ipò rẹ̀? Ṣé ẹ ti yọ ẹ̀rọ kúrò nínú jíà? Ṣé ihò afẹ́fẹ́ orí ìdérí táǹkì ṣí? Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ rọ́bà rogodo tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀sáǹsì. Ọfà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀rọ, ó sì gbọ́dọ̀ le lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Bí táǹkì kò bá gbẹ, tí rọ́bà náà kò sì le, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan.

Ẹ bu ẹ̀sáǹsì díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ jẹ́ kó tòrò. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Ní ti ẹ̀rọ tó ń lo àpòpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ lítà 1 òróró ẹ̀rọ sí lítà 50 ẹ̀sáǹsì, ṣùgbọ́n ìwé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ni kí ẹ tẹ̀lé.

Bují ni ẹlẹ́rìí òtítọ́. Ẹ tú u wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa okùn. Bí ó bá gbẹ, ẹ̀sáǹsì kò dé ibẹ̀. Bí ó bá tutù, ẹ̀sáǹsì ti pọ̀ jù, tàbí iná kò ṣẹ́. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé ìdí rẹ̀ kan irin ẹ̀rọ, kí ẹ sì fa okùn: iná gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ má ṣe èyí nítòsí ẹ̀sáǹsì tó dà sílẹ̀, nítorí iná kékeré ń jó ọkọ̀ ńlá. Bí iná kò bá tàn, ó lè jẹ́ wáyà tí wọn kò dá padà, tàbí èyí tí ìdérí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ irin. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì pé, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ń fa okùn padà mọ́ yín lọ́wọ́, àkókò iná ti yẹ̀. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún ọ̀gá iṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tú ohun mẹ́rin papọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Bàbá tẹ rọ́bà rogodo ọkọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí: jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́ ló rí. Ó yọ orí rọ́bà ẹ̀sáǹsì kúrò lára ẹ̀rọ, ó sì rí i pé òrùka rọ́bà kékeré inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ó mú irú rẹ̀ láti inú àpótí ara rẹ̀, ó fi sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́: ó le. Fífà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ẹ̀rọ náà jí.

Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n ṣí lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí àwọn èrò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ná, kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 nínú omi, kí wọ́n sì rí i pé omi tó ń tu ẹ̀rọ lára ń ṣàn jáde. Orí ilẹ̀ gbígbẹ kì í ṣe ibi tí a ti ń dán ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Rọ́bà inú ẹ̀rọ tó ń fa omi yóò bàjẹ́. Ó tún wo inú ọkọ̀ bóyá àjẹ̀ àti ẹ̀wù ààbò wà níbẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èbúté ni ó yẹ kí ẹ̀rọ ti kọ̀, kì í ṣe àárín ọ̀sà, níbi tí ọmọ ọlọ́mọ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé atukọ̀ lọ́wọ́.