Ẹ̀bùn àti Májèlé: Ọ̀rọ̀ náà “Gift” nínú Àwọn Èdè Jámáníìkì

Bí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá rí gift lára ìgò, ẹ̀bùn ni yóò kà á sí. Ará Jámánì yóò sá fún ìgò náà, nítorí pé májèlé ni Gift ní èdè tirẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, tí ìró wọn kàn ṣe kòńgẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, tí ó túmọ̀ sí “fún”, ni ó bí méjèèjì: òun ni give ní Gẹ̀ẹ́sì, geben ní Jámánì.

Ìtumọ̀ kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn wá. Dosis ní èdè Gíríkì, èyí tí í ṣe “fífún”, ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n oògùn tí a fún aláìsàn. Látìn yá a lò. Àwọn Jámánì sì fi Gift tiwọn túmọ̀ rẹ̀. Oògùn tí a fún ènìyàn ni ó wá di oògùn tí ń pani. (Yorùbá náà mọ ohun tí à ń wí bí a bá ní wọ́n fún ẹnì kan ní nǹkan jẹ.) Ìtumọ̀ “ẹ̀bùn” sì kú díẹ̀díẹ̀ ní Jámánì, àfi nínú irú ọ̀rọ̀ bí i Mitgift, ẹrù tí ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí kì í ṣe èèṣì. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ohun tí ọkọ san lórí ìyàwó ni gift. Ní Sùwídìn títí di òní, gift ni ẹni tí ó ti ṣe ìgbéyàwó. Gift náà ni májèlé.