Sùpàgẹ́tì àti Adìẹ Nínú Ìkòkò Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ìpàdé ìrọ̀lẹ́ bá parí, tí akápò sì ti ti àpótí owó, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kù lẹ́nu àwọn ìyá kì í ṣe ti èlé tàbí ti ẹ̀yáwó mọ́. "Kí ni a ó sè lálẹ́ yìí?" ni. Agogo méje ti lù, ebi ti ń pa ọmọ láti ìgbà tí ó ti ilé ìwé dé, gáàsì inú sílíńdà sì ti ń lọ sópin. Oúnjẹ kan wà tí ó yẹ irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ni a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín: sùpàgẹ́tì tí a sè pọ̀ mọ́ adìẹ àti ata nínú ìkòkò kan, láìda omi rẹ̀ nù, tí ó sì ń jinná láàárín ìṣẹ́jú 45 sí 50.

Kì í ṣe ohun tuntun. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń sè é, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà sè é ni ó ń gba àkókò: ìkòkò kan fún adìẹ, ìkejì fún sùpàgẹ́tì, ìkẹta fún ọbẹ̀ ata. Nígbà tí a bá jẹun tán, ìkòkò mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ láti fọ̀. Àwọn tí ó ti dán ìkòkò kan wò máa ń ráhùn pé ó rọ̀ jù bí ẹ̀kọ, tàbí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jóná nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì le. Ẹ̀bi ìkòkò kọ́. Omi tí a kò wọ̀n ni, àti adìẹ tí a kò mọ irú rẹ̀. Bí ọ̀ràn méjèèjì yìí bá tọ́, ìyókù rọrùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti omi. Nígbà tí a bá ń se sùpàgẹ́tì nínú omi púpọ̀ tí a ó sẹ́ dànù, kò sí ẹni tí ó ń bi wá léèrè iye omi náà. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò kan, gbogbo omi tí a bá dà sí i ni a ó jẹ. Ọ̀rá sùpàgẹ́tì kan jẹ́ gíráàmù 500. Bí ó bá jinná tán, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì, ó sì máa ń lé díẹ̀. Omi tí ó mu ni ó fi wúwo bẹ́ẹ̀. A sì tún fẹ́ kí ọbẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́kù tí yóò bò ó lára. Nítorí náà, lítà kan omi ni ó yẹ ọ̀rá kan, yàtọ̀ sí ata tí a lọ̀. Ẹni tí kò ní ife ìwọ̀n kò ní láti wá a lọ sí ibì kankan: omi inú ọ̀rá tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà, sẹ̀ǹtílítà 50 ni. Ọ̀rá 2 jẹ́ lítà kan. A fẹ́ràn ìwọ̀n yìí nítorí pé ọmọ ọdún 13 lè kà á láìṣì í. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ilé lè bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ìbáà ṣe baba, ìbáà ṣe àkọ́bí; ìkòkò kò ní bu ọkùnrin jẹ.

Omi funfun bí omi ògì tí a máa ń sẹ́ dànù lẹ́yìn sísè kì í ṣe ìdọ̀tí. Sítáàṣì tí ó wà nínú àlìkámà ni. Bí ó bá dúró nínú ìkòkò, òun ni ó ń mú kí ọbẹ̀ ki, tí ó sì ń jẹ́ kí ata lẹ̀ mọ́ sùpàgẹ́tì lára. Òun kan náà ni ó ń so sùpàgẹ́tì pọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ bí a kò bá rò ó, òun ni ó sì ń jóná bí ìdí ìkòkò bá fẹ́lẹ́. Ẹ lo ìkòkò tí ó fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ nípọn. Ẹ sì wo ara ọ̀rá kí ẹ tó rà á: àlìkámà líle ni wọ́n fi ń ṣe sùpàgẹ́tì tí ó dára, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè. Èyí tí ó funfun báláú, tí owó rẹ̀ sì kéré jù, ó máa ń yọ́ sínú ọbẹ̀ ni.

Adìẹ ni ọ̀ràn kejì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì pọ̀ sí. Adìẹ ẹlẹ́ran tí a ń pè ní bróílà, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n fi ń tọ́ ọ kí wọ́n tó tà á. Ẹran rẹ̀ rọ̀, bí a bá gé e wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú 30 sí 40 tó o. Ṣùgbọ́n adìẹ tí ó ti yé ẹyin fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí olóko wá tà nítorí pé ẹyin rẹ̀ ti dínkù, iṣan rẹ̀ ti le. Ó dùn ju bróílà lọ, a kò ní parọ́, ṣùgbọ́n wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ ni ó máa ń gbà. Adìẹ ìbílẹ̀ tí ó ti dàgbà náà rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé irú èyí lé iná lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú sùpàgẹ́tì, yálà kí a máa fa ẹran bí rọ́bà, tàbí kí sùpàgẹ́tì ti di ògì kí ẹran tó rọ̀. Ẹ se adìẹ àgbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nígbà tí àyè wà, ẹ pín in sí abọ́ tí ó ní ìdérí pẹ̀lú omi ẹran rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú fíríísà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ rántí pé omi ẹran yẹn wà lára lítà kan tí a wí o.

Ibi tí ewu wà gan-an ni bí a ṣe ń yọ́ adìẹ dídì. Ní ilé púpọ̀, a ó mú un jáde ní agogo mẹ́fà àárọ̀, a ó gbé e sórí tábìlì, a ó sì bá a níbẹ̀ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 12 nínú ooru tiwa! Kòkòrò àìfojúrí bíi sàmónẹ́là wà lára adìẹ tútù, ooru bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń mú kí ó pọ̀ sí i. Imú kò lè sọ fún wa pé ó wà níbẹ̀, nítorí ẹran tí ó léwu lè má rùn rárá. Kí adìẹ tútù má ṣe lò ju wákàtí 2 lọ níta. Ẹ gbé e láti inú fíríísà sí ìsàlẹ̀ fíríìjì lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, nínú abọ́, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ mìíràn. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ di í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kílò kan tí a ti gé wẹ́wẹ́ yóò yọ́ láàárín wákàtí kan sí méjì. Ní ti fífọ adìẹ, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn àgbà: àwọn onímọ̀ ìlera ń sọ nísinsìnyí pé fífọ̀ kò pa kòkòrò yìí, ó kàn ń ta á sára àwo àti tábìlì ni. Iná ni ó ń pa á. Ẹni tí kò bá lè ṣe kí ó má fọ̀ ọ́, kí ó rọra ṣan án nínú abọ́ jíjìn, lẹ́yìn náà kí ó fi ọṣẹ fọ abọ́, ọ̀bẹ àti ọwọ́ rẹ̀.

Iná mànàmáná ńkọ́? Fíríísà tí ó kún, tí a kò sì ṣí, lè pa dídì ẹran mọ́ fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tí ó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì kò ju wákàtí 4 lọ. Ìdí nìyí tí a kì í fi gba adìẹ dídì tí a kò mọ ibi tí ó ti wá. Láti 2003 ni òfin Nàìjíríà ti ka kíkó adìẹ dídì wọ̀lú láti òkèèrè léèwọ̀, ẹni tí ó sì gbà á láti ẹnubodè lábẹ́lẹ̀ kò lè sọ iye ìgbà tí ó ti yọ́ tí ó tún dì lójú ọ̀nà.

Ó tó àkókò láti dáná. Fún ẹni 6, ẹ wá bróílà kílò kan tí a gé sí ọ̀nà 12, ọ̀rá sùpàgẹ́tì 1, òróró ṣíbí ìjẹun 4, àlùbọ́sà ńlá 2, tòmátò 4, tàtàṣé 2 àti ata rodo 2 tí a lọ̀ pọ̀, táìmù àti kọ́rì ṣíbí ìmutíì kọ̀ọ̀kan, mágì 2, iyọ̀, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ìdì kékeré kan.

Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀, táìmù àti kọ́rì pa adìẹ lára. Kí òróró gbóná dáadáa kí ẹ tó to adìẹ sí i, kí awọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ má máa yí i kiri. Ìṣẹ́jú 4 fún ìhà kan, ìṣẹ́jú 4 fún ìhà kejì. Kò tíì jinná o, àwọ̀ àti adùn ni a ń wá. Èyí tí ó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ má họ ọ́ dànù, omi ata ni yóò tú u. Ẹ ti adìẹ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ da àlùbọ́sà tí a rẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú 2, lẹ́yìn náà ata lílọ̀. Kí ata dín tó ìṣẹ́jú 10, títí òróró yóò fi yọ sókè, tí tòmátò kò sì ní kan mọ́. Ibí yìí ni aláìnísùúrù ti máa ń ba oúnjẹ jẹ́: yóò da omi sórí ata tútù, yóò wá máa fi mágì wá adùn kiri.

Ẹ wá da ọ̀rá omi 2 sí i pẹ̀lú mágì, kí ẹ sì dé e. Láti ìgbà tí ó bá ti hó, adìẹ yóò dá wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ tọ́ omi rẹ̀ wò lẹ́yìn náà kí ẹ tó fi iyọ̀ kún un, nítorí mágì ti ní iyọ̀ tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́, láti inú gbogbo oúnjẹ, má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí ìmutíì kan. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà láàárín wa kì í ṣe kékeré.

Ẹ ṣẹ́ sùpàgẹ́tì sí méjì. Àwọn ará Ítálì, tí wọ́n ni oúnjẹ yìí, kò fẹ́ràn kí a máa ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọn kò bá wa ra ìkòkò. Ẹ tú u ká, ẹ má kó o síbẹ̀ ní ìdì, kí ẹ sì fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí omi yóò fi bò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, ẹ rò ó dé ìdí ìkòkò. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e, ẹ tún rò ó ní ìṣẹ́jú kẹfà. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ẹ mú ẹyọ kan jẹ: kí ó rọ̀, ṣùgbọ́n kí eyín ṣì mọ̀ pé òun ń jẹ nǹkan. Bí omi bá gbẹ kí ó tó rọ̀, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ kún un. Makaróní máa ń tètè jinná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da ẹ̀fọ́ sí i, kí ẹ sì pa iná nígbà tí ọbẹ̀ bí ife kan ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn níbí pé ó ṣàn jù. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5, sùpàgẹ́tì yóò mu ìyókù láìjó gáàsì kankan.

Kí ẹ tó bù ú, ẹ gé itan tí ó nípọn jù dé egungun. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ pupa, ẹran sì gbọ́dọ̀ ṣí kúrò lára egungun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìwọn ooru, kí ó rí 74 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bí àlejò bá dé tí ẹ fẹ́ se ọ̀rá sùpàgẹ́tì 2, ọ̀rá omi 3 àbọ̀ tó, kì í ṣe 4, nítorí ooru kò ní gbé ìlọ́po méjì omi lọ nínú ìkòkò kan.

Ẹgbẹ́ lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Páálí sùpàgẹ́tì kan ní ọ̀rá 20 nínú. Ilé tí ó ń sè é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò lo ó fún oṣù tí ó lé ní 4, owó rẹ̀ yóò sì sùn síbẹ̀. Bí ìdílé 4 bá pa owó pọ̀, ọ̀rá 5 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní iye owó páálí. Bróílà náà ṣeé rà pọ̀ lóko, ṣùgbọ́n kí akọ̀wé ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa: adìẹ ààyè tí ó wọn kílò 2 kì í fún wa ju kílò kan àbọ̀ ẹran lọ, nígbà tí ìyẹ́, ẹ̀jẹ̀, ìfun, orí àti ẹsẹ̀ bá ti kúrò. Iye ẹran tí ó kù ni kí a fi pín owó, kí a tó sọ pé ti oko rọjú ju ti ọjà lọ. Kí a sì pín in lọ́jọ́ tí a pa á. A kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni yá owó ẹgbẹ́ nítorí èyí. Owó ọjà ọ̀sẹ̀ tó o.

Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kí ó sùn sórí sítóòfù. Ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé, nínú abọ́ tí kò jìn kí ó lè tètè tutù, yóò sì dúró fún ọjọ́ 3. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kaná, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, nítorí sùpàgẹ́tì ti mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán lóru, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbóná dénú kí ẹ tó bù ú fún àwọn ọmọ.