Ẹ Gbé Oúnjẹ Ọmọ Náà Dání Lọ sí Disney

Bóyá ni òde àríyá kan wà nílẹ̀ wa tí èèyàn kò ti ní rí irú ọmọ yìí. Wọ́n ti ta kánópì, sípíkà ń dún lù wá láyà, gángan ń ki àwọn olówó, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti dé orí tábìlì pẹ̀lú ẹran díndín àti mọ́ínmọ́ín. Ọmọ kan jókòó láàárín ẹbí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó yí ojú kúrò lára àwo. Ìyá rẹ̀ yọ abọ́ kékeré kan jáde nínú báàgì: ìrẹsì funfun, kò sí ọbẹ̀, kò sí ẹran. Ẹ ó gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ. "Ẹ ti kẹ́ ọmọ yìí jù." "Ebi ò tíì pa á ni." "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ mẹ́ta péré, á jẹ ohun tó bá rí."

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ebi yẹn sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá ní ọ́tísímù, ebi lè pa á títí kó má fẹnu kan ohun tí ara rẹ̀ kọ̀. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ariwo, òórùn àti bí nǹkan ṣe rí lẹ́nu yàtọ̀ sí tiwa. Òórùn ọbẹ̀ tó ń fa wá lọ́fun lè mú un bì. Ohun tó rọ̀ tó sì ní kókó nínú lè dẹ́rù bà á gan-an. Lọ́dún 1943, Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, kọ̀wé nípa ọmọ 11 kan tó ti tọ́jú. Inú ìwé yẹn ni ìmọ̀ ìṣègùn nípa ọ́tísímù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé púpọ̀ nínú wọn ní wàhálà oúnjẹ láti ìkókó, àti pé wọ́n fẹ́ kí ohun gbogbo wà bó ṣe wà lánàá.

Kó wà bó ṣe wà lánàá: ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé, àwọn ìyá ló mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹbí wa ní Maryland. Indomie ló máa ń jẹ, wọ́n á sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tán, nínú abọ́ aláwọ̀ búlúù kan náà, àti ṣíkín nugget láti inú páálí kan pàtó. Bí nugget kan bá ti kán sí méjì kó tó dé iwájú rẹ̀, ó ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ pààrọ̀ àwòrán ara páálí, ńṣe ni ìyá rẹ̀ ń da ti tuntun sínú páálí àtijọ́. Mo ti jókòó tì í nígbà tó ń jẹun. Á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, á yí i wo ẹ̀yìn, á gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eyín kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni jíjẹun jẹ́ fún un.

Ẹ wá mú ọmọ yìí lọ sí Orlando. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971 ni ọgbà ìgbafẹ́ Walt Disney World ti ṣílẹ̀kùn ní Florida. Nínú àwọn ọgbà tó wà níbẹ̀, Magic Kingdom ló kọ́kọ́ dé, EPCOT tẹ̀lé e ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, Animal Kingdom ní 1998. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, títí dé London, máa ń tọ́jú owó fún ìrìn àjò yìí kí àwọn ọmọ lè rí Mickey lójúkojú. Bí ìyá àgbà bá sì wá kí wọn láti ilé, wọn a mú un dání. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀, kó fojú inú wo òde àríyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kó má tán títí ilẹ̀ fi ṣú, kó má sì sí ilé ẹbí kankan nítòsí tí wọ́n lè gbé ọmọ wọ̀ kó sinmi. Orin ń jáde láti inú igbó òdòdó. Òórùn ṣúgà àti bọ́tà gba ojú pópó. Oòrùn ń ta èèyàn, bó bá sì jẹ́ láàárín oṣù Kẹfà sí ìkẹsàn-án, òjò àti àrá kì í jìnnà lọ́sàn-án. Inú gbogbo èyí ni wọ́n ti fẹ́ kí ọmọ jókòó, kó jẹ oúnjẹ tí kò rí rí, nínú àwo tí kò mọ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ibi eré ni kí ohun tuntun mọ. Lọ́jọ́ tí ojú àti etí ọmọ ń gba nǹkan tuntun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó mọ̀.

Ó máa ya ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu pé Disney gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé. Ìtìjú máa ń mú wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí nílẹ̀ wa ẹni tó bá di oúnjẹ lọ sóde olóde, bí ẹni pé ó bú ẹni tó ṣe àríyá ni. Ibẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wò yín. Àwọn òfin rẹ̀ kò sì pọ̀: kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò, àyàfi oúnjẹ ìkókó; kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé kaná níbẹ̀; kò gbọ́dọ̀ ní òórùn líle; ọtí kò wọ̀ ọ́, kúlà ńlá kò sì wọ̀ ọ́. Nítorí náà ẹ fi ọbẹ̀ onírú sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Bí Indomie bá ni oúnjẹ ọmọ yín, ẹ gba yàrá tó ní ààyè ìdáná, ẹ sè é láàárọ̀, kí ẹ rọ ọ́ sínú fúláàsì onírin tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Fúláàsì tó ní gíláàsì nínú, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń da ògì sí, kò yẹ ní gbígbé lọ. Ẹ mú abọ́ rẹ̀ dání, ẹ mú ṣíbí rẹ̀ dání. Ẹ tún mú omi rẹ̀ dání. Lóòótọ́, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ lójú fèrèsé máa ń fún èèyàn ní omi yìnyín lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ Florida ní adùn kan tí kì í bá ọ̀pọ̀ àlejò lára mu, ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ á sì tètè mọ̀ ọ́n. Nínú oòrùn yẹn, ọmọ tí kò mu omi wà nínú ewu ju ọmọ tí kò jẹun lọ. (Àwọn ọgbà mìíràn ní Orlando ní òfin tiwọn lórí báàgì àti oúnjẹ, ẹ ka ti ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó di ẹrù.)

Bí ẹ bá máa rà, ẹ fi fóònù rà á. Láti 2017 ni Disney ti gbé ètò yìí kalẹ̀: ẹ lè yan oúnjẹ lórí áàpù wọn, kí ẹ yọ ewé àti ọbẹ̀ tí ọmọ kò fẹ́ kúrò, kí ẹ sanwó, kí ẹ sì kàn lọ gbé e nígbà tó bá délẹ̀. Ọmọ kò ní dúró lórí ìlà. Ó sì ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ jẹun kí aago méjìlá tó lù, torí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní rí àga, ariwo ilé náà á sì ti di ìlọ́po.

Síbẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ oúnjẹ. Ẹ wo waffle. Ìyá á ní, "Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi máa ń jẹ waffle." Ní Disney, orí Mickey ni waffle, ó ní etí méjì. Ọmọ tó ń jẹ ti rógódó nílé lè wo etí yẹn kó bú sẹ́kún. Bí ẹ bá sì gé etí rẹ̀ kúrò, ó ti di èyí tó kán. Nugget ibẹ̀ kì í ṣe ti inú páálí ilé, ìrẹsì ibẹ̀ lè ní ewé wẹ́wẹ́ nínú. Àwọn òbí tó ti mọ ọ̀nà máa ń fi àwòrán oúnjẹ náà han ọmọ lórí fóònù nílé, lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ní òun ò jẹ ẹ́, ó ti sọ̀rọ̀ náà níbi tí ẹ ti lè wá nǹkan ṣe sí i.

Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń jókòó kí wọ́n gbé e wá báni ló le jù. Ọjọ́ 60 ṣáájú ni èèyàn ti lè gba àyè sílẹ̀, àyè sì máa ń tètè kún, ni òbí ṣe máa ń sáré mú èyí tó bá rí. Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà yàtọ̀ sí oúnjẹ, nítorí ní Disney, ilé oúnjẹ pàápàá jẹ́ ibi ìran wíwò. Ní Rainforest Cafe tó wà lẹ́nu ọ̀nà Animal Kingdom, àrá máa ń sán, mànàmáná máa ń kọ, àwọn ẹranko oníẹ̀rọ á sì máa ké léraléra nígbà tí èèyàn bá ń jẹun. Ní Chef Mickey's, Mickey àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá bá èèyàn nídìí tábìlì, orin á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, gbogbo èrò á sì máa ju aṣọ ìnuwọ́ fìrì fìrì. Ọmọ kan á fò fáyọ̀, òmíràn á wọ abẹ́ tábìlì.

Èyí tó yẹ kí àwa Yorùbá dá mọ̀ ni 50's Prime Time Café, ní Hollywood Studios. Wọ́n ṣe ilé náà bí ilé ìdáná Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1950, àwọn tó ń gbé oúnjẹ sì máa ń ṣe bí ìyá tàbí àǹtí inú ilé. Wọn á ní kí o gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò lórí tábìlì. Wọn á ní kí o jẹ ẹ̀fọ́ rẹ tán. Àgbàlagbà máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ẹbí ti ń bá jà lórí àwo láti kékeré kò ní mọ̀ pé eré ni. Bí àwọn ọmọ yòókù bá fẹ́ débẹ̀ dandan, kí ọ̀kan nínú yín ṣáájú wọlé, kó sọ fún ẹni tó máa dá yín lóhùn pé kó má bá ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá. Wọ́n máa ń gbọ́. Ní irú àwọn ilé oúnjẹ ìjókòó bẹ́ẹ̀, ẹ tún lè ní kí ẹ rí alásè, pàápàá bí oúnjẹ kan bá lòdì sí ara ọmọ.

Disney ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Disability Access Service, DAS lágékúrú. Ọdún 2013 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2024, tí wọ́n fi fún àwọn tí ọ́tísímù tàbí irú rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ lórí ìlà. Orí fídíò ni òbí ti ń bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi ọmọ sínú rẹ̀. Wọ́n á fún yín ní àkókò tí ẹ máa padà wá gun nǹkan ìṣeré náà, kò sì ní sí pé ẹ ń tò. Kò kan ilé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn gan-an ni kí ẹ fi jẹun: ẹ wá ibi tó dákẹ́, ẹ ṣí fúláàsì. Àwọn ọgbà kan tilẹ̀ ti lọ jìnnà ju èyí lọ. Ní 2018, Sesame Place ní Pennsylvania di ọgbà ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti kọ́ òṣìṣẹ́ wọn nípa ọ́tísímù, wọ́n sì ní yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ọmọ lè wọ̀ lọ.

Ní ti bùfé, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún irú ọmọ yìí, torí ojú ló fi ń rí oúnjẹ kó tó yàn, kò sì ní dúró dè é. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Boma wà ní òtẹ́ẹ̀lì Animal Kingdom Lodge, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tó ní adùn ilẹ̀ Áfíríkà lóríṣiríṣi. Ìyá àgbà á rí nǹkan fẹnu kàn níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo bọ́gà ọ̀sán, ọmọ náà sì lè rí búrẹ́dì lásán. Owó ni wàhálà rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í sanwó, ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ń san owó ọmọdé, àmọ́ bó bá ti pé mẹ́wàá, owó àgbà ni, ì báà jẹ́ búrẹ́dì méjì péré ló jẹ.

Ìdí tábìlì bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Kí ìyá ọmọ fọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn nílé, kí wọ́n tó kúrò: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá dé ọ̀hún, ẹ má sọ fún un pé kó tọ́ nǹkan kan wò. Àwa àti dókítà rẹ̀ ti ń ṣe é lọ díẹ̀díẹ̀." Òótọ́ sì ni pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lè ṣaláìní àwọn èròjà tí ara nílò, láti 2013 sì ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ní orúkọ fún irú àìlèjẹun tó le bẹ́ẹ̀, ARFID. Onímọ̀ oúnjẹ àti àwọn olùtọ́jú ló ń bá ọmọ ṣe é, nínú ilé tó parọ́rọ́, fún oṣù tàbí ọdún: lónìí kí oúnjẹ tuntun wà lórí tábìlì lásán, nígbà tó bá yá kó fọwọ́ kàn án, nígbà mìíràn kó gbóòórùn rẹ̀. Ipá kan ṣoṣo ní gbangba lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́, ọmọ á sì tún kọ èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ yòókù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wo fídíò Chef Mickey's títí, ó sì fẹ́ ju aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀ sókè pẹ̀lú àwọn èèyàn. Kí bàbá mú un lọ, àwọn méjèèjì péré, kí ìyá àti àbúrò wà ní òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú abọ́ búlúù. Kò pọn dandan kí gbogbo ilé jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà ní gbogbo ìgbà, ó sì sàn kí wọ́n sọ fún ọmọbìnrin náà ṣáájú pé ọjọ́ tirẹ̀ ni.