Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí la tiẹ̀ ń retí lọ́wọ́ Alex Iwobi?

Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní Gbaji, nítòsí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, lọ́jọ́ tí Super Eagles bá ń gbá. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ẹ ó ti gbọ́ "Ọmọ yìí mọ bọ́ọ̀lù o!" àti "Ẹ yọ ọ́ jàre!" Iwobi kan náà ni.

Arákùnrin ìyá rẹ̀ ni Jay-Jay Okocha. Láti ìgbà tí a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ la ti ń retí kó máa fẹsẹ̀ dárà bíi ti Okocha. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: kó gba bọ́ọ̀lù láàárín, kó yíjú, kó tì í síwájú. Everton rà á ní 2019, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi í sẹ́yìn, kí olùkọ́ni wọn, Frank Lampard, tó gbé e sáàárín, ibẹ̀ ló ti wá tàn. (Ká má parọ́, ó máa ń fi bọ́ọ̀lù ṣòfò nígbà míì.)

Ọ̀nà tó gba Gbaji lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ló lọ títí dé Abidjan, níbi tí Côte d'Ivoire ti nà wá 2-1 ní àṣekágbá ife Áfíríkà, February 11, 2024. Kessié fi orí kan ọ̀kan wọlé láti kọ́nà, Haller fi ẹsẹ̀ tọ́ èkejì. Iwobi la dojú èébú kọ, títí ó fi yọ àwọn fọ́tò rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Ahmed Musa, balógun Super Eagles nígbà náà, ló bẹ̀ wá pé kó tó gẹ́ẹ́.

Síbẹ̀, góòlù 9 ni Iwobi gbá wọlé nínú líìgì 2024/25 fún Fulham, ẹgbẹ́ tó lọ lẹ́yìn Everton.