Ẹ̀rọ Tó Ń Yẹ Inú Òkúta Wò

Lónìí, ọ̀rọ̀ òkúta àti erùpẹ̀ la fẹ́ kà.

Ẹ wo ilẹ̀ wa. Láti Sokodé dé Tchamba, láti Tchamba dé Kambolé, yangí pupa lẹ máa rí. Kí ló mú un pupa? Irin ni. Irin tó wà nínú rẹ̀ ló dípẹtà. Ní ìhà Bassar àti Bandjéli, àwọn àgbà ti ń yọ irin láti inú òkúta kí Òyìnbó tó dé. Báwo ni wọ́n ṣe mọ òkúta tó ní irin? Wọ́n fi ojú wò ó, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n mọ bó ṣe wúwo tó. Ojú wọn mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan wà nínú òkúta àti erùpẹ̀ tí ojú ò lè rí, tí ọwọ́ ò lè mọ̀. Òjé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òjé sì lè pa ọmọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní àríwá Nàìjíríà. Ní ọdún 2010, àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma. Gìrì ń mú wọn, wọ́n ń kú. Àwọn òbí rò pé ibà ni. Àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní Médecins Sans Frontières dé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò. Òjé ló kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Níbo ni òjé ti wá? Wúrà ni wọ́n ń wà lábúlé náà. Wọ́n á kó òkúta wálé, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ọkà, nínú agbo ilé níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Òkúta tó ní wúrà yẹn, òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ bà sórí ilẹ̀, sórí ẹní, sínú oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó kú tó 400.

Àwọn tó wá ṣèrànwọ́ mú ẹ̀rọ kan dání. Òyìnbó ń pe ẹ̀rọ náà ní XRF. Ó dà bí ìbọn kékeré, tàbí bí ẹ̀rọ tí káfíńtà fi ń lu igi. Kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo, ó tó kìlò kan àbọ̀ tàbí méjì. Bátìrì ló ń lò. Wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ lé ilẹ̀ agbo ilé, wọ́n á fa ọwọ́ rẹ̀, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, nọ́ńbà á jáde lójú gíláàsì rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n lò nígbà náà ni pé níbi tí ọmọ ti ń ṣeré, òjé inú erùpẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 400 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe máa yé wa: ẹ mú àpò erùpẹ̀ kan tó jẹ́ 100 kìlò. Tí òjé inú rẹ̀ bá jẹ́ 40 gíráàmù, ibẹ̀ ni 400 wà. Àwọn ibì kan wà ní Zamfara tó ju 100.000 lọ. Ìyẹn ni pé nínú àpò 100 kìlò, òjé ju kìlò mẹ́wàá lọ! Wọ́n ha erùpẹ̀ òkè kúrò, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lọ́nà jíjìn, wọ́n da erùpẹ̀ tó mọ́ sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ lé ilẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti mọ́ lóòótọ́. Ọdún 2013 ni wọ́n tó ṣe ti Bagega tán.

Báwo wá ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń mọ̀?

Ẹ mọ ẹ́kísíréè tí wọ́n fi ń wo eegun ní ọsibítù. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Röntgen ló rí i ní ọdún 1895. Irú ìtànṣán yẹn ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wa yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò ló ń yà. Ó ń lu òkúta ni, ó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Tí a bá wà nínú ilé, tí wọ́n ń lu ìlù lóde, a ò rí onílù, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé dùndún nìyí, bàtá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbogbo nǹkan ló ní àwọn hóró tín-tìn-tín nínú tí Òyìnbó ń pè ní átọ́ọ̀mù. Àwọn nǹkan tó tún kéré jù ú lọ yí àárín hóró náà ká, ìpele lórí ìpele. Tí ìtànṣán bá kọlù ú, á lé ọ̀kan kúrò ní ìpele inú. Kíá, ti ìpele òde á bọ́ sí àyè tó ṣófo. Bó ṣe ń bọ́ síbẹ̀ ni ìtànṣán tuntun á jáde. Èyí tó jáde yẹn ni mo pè ní ohùn. Ohùn irin jẹ́ 6,4. Òjé ní ohùn méjì tó ròkè, 10,5 àti 12,6. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Moseley, ló tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1913. Ogun pa á ní ọdún 1915, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó dun èèyàn.

Ẹ̀rọ náà ń ka ohùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá pọ̀, nǹkan rẹ̀ ló pọ̀ nínú òkúta.

Tí wọ́n bá gbà yín síṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá nǹkan inú ilẹ̀, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ tó le jù máa wà, torí pé fífa ọwọ́ ẹ̀rọ kò le rárá. Ojú òkúta nìkan ni ẹ̀rọ ń rí, kò wọlé jìn. Tí ẹrẹ̀ bá bo òkúta, ẹrẹ̀ ló máa kà. Torí náà, ẹ sá òkúta tàbí erùpẹ̀ kó gbẹ dáadáa, nítorí omi máa ń mú kí nọ́ńbà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pò ó pọ̀, kí apá kan má yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ má fi odó ilé lọ̀ ọ́! Ẹ má fi ọlọ ata lọ̀ ọ́! Ẹ rántí Zamfara. Odó irin náà kò dára, nítorí irin rẹ̀ á kún irin òkúta, a ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti òkúta mọ́. Tí ẹ bá lọ ọ̀kan tán, ẹ nu ohun èlò kí ẹ tó mú èkejì. Ẹ bo imú. Ẹ bu erùpẹ̀ náà sínú ife kékeré tí wọ́n ta ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí lójú, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dì. Ẹ kọ nọ́ńbà sára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ibi tí ẹ ti mú un. Ẹ rí i báyìí pé ìwé tí a kọ́ kò lọ lásán: ife tí kò ní nọ́ńbà, erùpẹ̀ lásán ni.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi erùpẹ̀ tí wọ́n ti mọ ohun inú rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò, bí ẹni tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò lọ́jà. Tí nọ́ńbà kò bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu, iṣẹ́ dúró. Wọ́n á ka ife kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun ìṣeré o. Tí iná pupa rẹ̀ bá ń tàn, ìtànṣán ń jáde nìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ sí èèyàn. Ẹ má fi ọwọ́ di òkúta mú níwájú rẹ̀, ẹ má gbé e lé itan. Ìtànṣán lè gba inú pákó kọjá, torí náà kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ́ tábìlì. Kí àwọn ọmọdé jìnnà. Tí a bá ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìtànṣán parí. Bàbá kan ní kíláàsì wa bi mí bóyá òkúta tí wọ́n lù máa di májèlé. Rárá, bàbá. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà.

Ẹ̀rọ tún máa ń ṣì í gbọ́. Ohùn ásẹ́níìkì, májèlé burúkú kan, jẹ́ 10,5, bíi ti òjé gan-an. Ẹni tó mọṣẹ́ á wá ohùn òjé kejì, 12,6, kó tó sọ̀rọ̀. Ohùn wúrà náà, 9,7, súnmọ́ ti síńkì. Bẹ́ẹ̀ sì ni wúrà inú òkúta kì í pọ̀: gíráàmù mélòó kan nínú 1.000 kìlò òkúta ti tó fún àwọn tó ń wà á. Kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ọwọ́ yìí kò lè kà á dáadáa. Kò sì lè rí lithium tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù rárá, torí ohùn rẹ̀ ti kéré jù.

Ìyá kan tún béèrè pé: tìróò ńkọ́? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Òkúta ni tìróò, a lọ̀ ọ́ ni. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́jà, irú òkúta òjé tó wà ní Zamfara náà ni. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Nàìjíríà. Tìróò ni wọ́n ń lé sí i lójú. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: nínú 100 gíráàmù, òjé ju 82 lọ. Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Tí ẹ bá ní in nílé, ẹ má lé e sójú ọmọ mọ́.

Tí ẹnì kan bá wá gbé ẹ̀rọ yìí lé òkúta oko yín, tó ní òun rí wúrà, tó ní kí ẹ fi ọwọ́ síwèé tàbí kí ẹ mú owó wá, ẹ bi í: ṣé o lọ̀ ọ́? Ẹ̀ẹ̀mélòó lo kà á? Erùpẹ̀ wo lo fi dán ẹ̀rọ wò láàárọ̀? Kí ẹ sì ní kó fi òkúta náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá, kí ìdajì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú nọ́ńbà lára rẹ̀.