Lẹ́ńsì Kékeré Tó Ń Na Ọrùn Jáde

Ọdún 2012 ni Sony gbé lẹ́ńsì E PZ 16-50mm jáde. Kò ga tó mìlímítà 30, gíráàmù 116 péré ló sì wúwo. Wọn kò lè mú un kéré tó báyìí láìfi nǹkan kan du ẹni tó ń lò ó, ohun tí wọ́n fi dù wá ló sì yẹ ká mọ̀.

Mọ́tò ló ń darí súùmù rẹ̀. Bí ẹ bá pa kámẹ́rà, gíláàsì inú rẹ̀ á ká wọlé bí orí ahun. Bí ẹ bá tàn án, á nà jáde. Torí náà, bí bátìrì bá ti kú, súùmù ti parí. Ẹ má ṣe fọwọ́ fà á jáde, ẹ má sì tàn án nígbà tó há sínú báàgì. Nínà yìí máa ń gba àkókò díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìgbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó lójú agbo, kó ti tan kámẹ́rà sílẹ̀ kí owó tó jáde.

Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹ tì í sí T, ohun tó jìnnà á sún mọ́, ẹ tì í sí W, àwòrán á fẹ̀. Òrùka kan ṣoṣo ló ní, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe. Bí kámẹ́rà bá ń fúnra rẹ̀ mú àwòrán mọ́ kedere, súùmù ni òrùka ń ṣe. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ fọwọ́ ṣe é, òrùka á gba iṣẹ́ yẹn, ọ̀pá nìkan ló kù fún súùmù. Kò sí nọ́ńbà lára òrùka náà, kò sì níbi tó ti ń dúró, á kàn máa yí ṣáá ni. Ojú kámẹ́rà lẹ máa wò.

Ní 16mm, níbi tí súùmù ti fẹ̀ jù, gbogbo abẹ́ kánópì lè wọ inú fọ́tò. Bí ẹ ṣe ń lọ sí 50, ihò ìmọ́lẹ̀ ń kúrò ní f/3.5 bọ́ sí f/5.6, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á sì dín kù sí nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Bó bá dalẹ́, 16 ni kẹ́ ẹ fi í sí, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Ẹ má kàn sún mọ́ ọn jù, kí imú má baà gba gbogbo ojú.

Ní 16 kan náà, ògiri àti òpó máa ń wú síta létí fọ́tò, àmọ́ ẹni tó ń ya JPEG kò ní rí i, torí kámẹ́rà ti tọ́ ọ kó tó gbé e fún un. Ẹni tó bá ṣí RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, lórí kọ̀ǹpútà láìsí àtúnṣe ló máa rí i, pẹ̀lú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣókùnkùn. Àwọn kan ní màgòmágó ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀: ká ní gíláàsì ni wọ́n fi ṣe àtúnṣe yẹn, lẹ́ńsì náà ì bá tóbi, ì bá sì wọ́n ju báyìí lọ.